Bí Ẹ Ṣe Máa Rí Owó Ẹ̀kọ́ Ọ̀mọ̀wé Tó Máa Gbé Yín Dé Ìparí

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ló máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: wọ́n á tẹ "sikọ́láṣíìpù" sórí Google, wọ́n á ṣí ojú ewé bí ogún, wọ́n á fi CV kan ṣoṣo ránṣẹ́ síbi gbogbo, wọ́n á wá máa retí. Oṣù mẹ́fà á kọjá, èsì ò ní í dé. Kì í ṣe pé ìwé wọn ò pé. Ibi tí owó ń gbà kọjá ni wọn ò mọ̀.

Púpọ̀ nínú owó tó ń gbọ́ bùkátà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé lóde òní kì í ti ọwọ́ ìjọba bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tààrà. Yunifásítì ló ń gbà á. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan á kóra jọ, wọ́n á fẹnu kò lórí kókó ìwádìí kan, wọ́n á kọ̀wé sí àjọ tó ń náwó sórí ìwádìí, àjọ náà á sì fún yunifásítì wọn ní owó ọdún mélòó kan láti fi kọ́ ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan pa pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní alábòójútó tó ju ẹyọ kan lọ, á ní kíláàsì tó gbọ́dọ̀ wọ̀, á ní ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, á sì ní àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ wọlé. Ohun tí mò ń pè ní ètò ọ̀mọ̀wé onílànà nìyẹn. Ó yàtọ̀ sí ti àtijọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan á máa tẹ̀ lé ọ̀jọ̀gbọ́n kan títí ọ̀gá á fi sọ pé ó tó.

Mo fẹ́ràn ètò onílànà, mi ò fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tó ti máa ń já èèyàn kulẹ̀: owó rẹ̀ ní aago tirẹ̀, aago náà sì lè ti máa lọ kí ẹ tó dé. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni kí ẹ gbé dání láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ta ló ni owó yìí? Ọjọ́ wo ló máa tán?

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irú owó tó wà níwájú yín

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí wọ́n ṣe ń san owó yìí ní orílẹ̀-èdè kan kò jọ ti òmíràn, ẹni tó bá sì fi ojú kan náà wo gbogbo wọn á kọ lẹ́tà tí kò bá ẹnikẹ́ni mu.

Ní Jámánì, láti ọdún 1990 ni DFG, àjọ tó ń náwó sórí ìwádìí níbẹ̀, ti ń gbé owó kalẹ̀ fún ohun tí wọ́n ń pè ní Graduiertenkolleg. Yunifásítì ló ń béèrè owó náà, ó sì lè tó ọdún 9 lápapọ̀ bí wọ́n bá yẹ iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà wò láàárín tí wọ́n sì rí i pé ó ń so èso. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọ̀wé sí DFG. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó gba owó ló ń kéde àyè, àwọn náà ló ń yan èèyàn. Àwọn ilé ìwádìí Max Planck náà ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, tí àwọn àti yunifásítì jọ ń darí, tí wọ́n ń pè ní International Max Planck Research School.

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ Marie Skłodowska-Curie Doctoral Networks. Ó kéré tán, ilé iṣẹ́ tàbí yunifásítì mẹ́ta láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbọ́dọ̀ para pọ̀ kí wọ́n tó lè béèrè. Bí owó bá jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á gba akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ síṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àdéhùn, akẹ́kọ̀ọ́ náà á sì lọ lo àkókò díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó kù.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (UK), UKRI, àjọ ìjọba tó ń náwó sórí ìwádìí, ló ń kó owó fún yunifásítì. Èyí tó lórúkọ jù níbẹ̀ ni Centre for Doctoral Training, pàápàá nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n sábà máa ń ná ọdún 4 lé lórí. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 ni wọ́n kéde 65 irú ibùdó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ka ìkéde yẹn dáadáa ti mọ ibi tí àyè máa wà fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ ibùdó, kókó ìwádìí, yunifásítì tó ni ín, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìkéde.

Faransé ń lo ìwé àdéhùn iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta tí wọ́n ṣòfin rẹ̀ lọ́dún 2009, contrat doctoral lorúkọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé inú yunifásítì sábà máa ń ṣètò ìdíje láti yan ẹni tó máa gbà á. Òmíràn tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CIFRE: ilé iṣẹ́ aládàáni ló máa gbani síṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, láàbù yunifásítì á sì máa bójú tó ìwádìí.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ń gbani wọlé, ẹ̀ka náà ló sì sábà máa ń ṣèlérí owó bí ọdún márùn-ún, tí wọ́n á pín sí iṣẹ́ olùkọ́ni, iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nínú ìwádìí, àti owó àfúnni (fellowship) tí kò ní iṣẹ́ nínú.

Nílẹ̀ Áfíríkà, ẹ wo CARTA, àjọṣe àwọn yunifásítì àti ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2008. Ilé ìwádìí APHRC ní Nairobi àti Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg ló ń ṣáájú rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ìlera àti iye èèyàn ni kókó ìwádìí wọn, òṣìṣẹ́ àwọn yunifásítì tó wà nínú ẹgbẹ́ náà ni wọ́n sì ń kọ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àpapọ̀ mẹ́rin ni ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá ti jẹ́ olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ níbì kan tó wà nínú irú àjọṣe báyìí, ilẹ̀kùn tí àwọn ará ìta ò lè gbà wọlé ṣí sílẹ̀ fún yín, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ò sì mọ̀ pé ó wà.

Ẹ má ṣe gbàgbé owó ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo, ìyẹn owó iṣẹ́ ìwádìí tó wà lórúkọ ẹnì kan. Owó gidi ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti fi gboyè. Ewu rẹ̀ ni pé bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá kó lọ sí yunifásítì mìíràn, owó lè bá a lọ. Nínú ètò onílànà, ẹni kejì àti ẹni kẹta wà tó lè di yín mú. Ní tèmi, ìyẹn nìkan tó ìdí láti kọ́kọ́ wá ètò onílànà kí ẹ tó wo òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá ìkéde náà, kí ẹ sì wo aago rẹ̀

Ibi tí ìkéde máa ń wà kì í ṣe àṣírí. Àyè Yúróòpù máa ń wà lórí ojú òpó EURAXESS. Ti Jámánì, ẹ yẹ ojú òpó DAAD wò, àjọ wọn tó ń rí sí pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ti Gẹ̀ẹ́sì, FindAPhD àti jobs.ac.uk. Àwọn tó fẹ́ Amẹ́ríkà ò ní ibì kan ṣoṣo tí wọ́n máa lọ, ojú òpó ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ṣí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ṣe rèé, ó sì lè gba yín lọ́wọ́ wàhálà ọdún kan gbáko. Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú fọ́ọ̀mù, ẹ lọ wo ìgbà tí owó ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn àjọ tó ń náwó máa ń gbé e sí gbangba. GEPRIS ni àkójọ tí DFG fi ń ṣàfihàn gbogbo iṣẹ́ tó ń náwó lé, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sì wà níbẹ̀. CORDIS ni ti Yúróòpù, ó máa ń kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Gateway to Research ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ tẹ orúkọ ètò náà síbẹ̀, kí ẹ sì ka oṣù tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ká ní àjọṣe Marie Curie kan ní oṣù 48 lápapọ̀, wọ́n sì fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ oṣù 36. Bí wọ́n bá gbà yín ní oṣù kẹwàá tí aago náà ti ń lọ, ó kù oṣù 38, kò séwu. Ṣùgbọ́n ká ní ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ yàn kọ̀ ọ́, tí wọ́n tún ìkéde ṣe, tí físà yín sì pẹ́ kó tó jáde, tí ẹ wá dé ní oṣù kejìdínlógún. Oṣù 30 péré ló kù nínú aago náà. Ìkéde tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì lè máa sọ pé 36. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ má lọ. Ó túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ta ló máa san oṣù mẹ́fà yẹn.

Nípa àkókò: ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń ti ìlẹ̀kùn láàárín oṣù kejìlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, fún ìwọlé oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án tó tẹ̀ lé e. Àwọn ẹgbẹ́ Jámánì kì í ní àkókò kan pàtó. Ìgbà tí owó wọn bá jáde ni wọ́n ń pè. Ẹni tó ń wá méjèèjì pa pọ̀ gbọ́dọ̀ ní kàlẹ́ńdà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yẹ ẹ̀tọ́ yín wò kí ẹ tó jókòó kọ̀wé

Òfin kan lè lé yín jáde láìka bí iṣẹ́ yín ṣe dára tó. Nínú ti Marie Curie, ẹ ò gbọ́dọ̀ tíì gboyè ọ̀mọ̀wé tẹ́lẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí ẹ fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gbà yín. Ẹni tó ti ń kàwé másítà ní Faransé fún ọdún méjì ò lè gba àyè Marie Curie ní Faransé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba ti Ítálì nínú àjọṣe kan náà. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ka òfin yìí sódì, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè ni. Ibi tí ẹ ń gbé ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ìwé ìrìnnà tó wà lápò yín.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2021 ni UKRI ti ṣí owó akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó wá láti òkè òkun, pẹ̀lú ààlà pé wọn ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ. Iye owó ilé-ìwé ọmọ onílẹ̀ ni UKRI ń san. Ti àlejò sábà máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ béèrè ta ló máa gbé ìyàtọ̀ náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ètò náà fúnra rẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹlòmíràn gbọ́.

Owó GRFP ti NSF, àjọ ìjọba tó ń náwó sórí ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, wà fún ọmọ orílẹ̀-èdè náà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú pípẹ́ nìkan. Àwọn àlejò máa ń fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣòfò lórí rẹ̀ kí wọ́n tó ka ìlà yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kọ lẹ́tà tó bá kókó ẹgbẹ́ náà mu

Ẹgbẹ́ tó ti gba owó ti ṣèlérí fún àjọ tó fún wọn. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn máa wádìí nǹkan báyìí báyìí, pẹ̀lú iṣẹ́ mẹ́wàá tàbí méjìlá tí wọ́n to lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó máa ṣe ọ̀kan nínú iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń wá. Kì í ṣe èèyàn tó mọ̀wé lásán. Nítorí náà, àbá ìwádìí tí ẹ ti ń gbé kiri láti ọdún tó kọjá, bó ti wù kó dùn tó, kò ní í ṣí ìlẹ̀kùn yìí.

Ẹ wo ìyàtọ̀ láàárín ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà méjì. Èkíní: "Láti kékeré ni mo ti nífẹ̀ẹ́ sí ìmọ̀ nípa àyíká, ètò yín tó gbayì sì máa ràn mí lọ́wọ́ láti mú àlá mi ṣẹ." Èkejì: "Iṣẹ́ kẹta nínú àkọsílẹ̀ yín ń wádìí bí iyọ̀ òkun ṣe ń wọ inú omi ilẹ̀. Fún ìwé ẹ̀rí másítà mi, ọdún kan ati ààbọ̀ ni mo fi wọn iyọ̀ inú kànga 14 lóṣooṣù. Mẹ́ta nínú wọn ṣe ohun tí mi ò lè ṣàlàyé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín." Ẹni tó bá ka èkejì ti rí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kànga mẹ́ta yẹn ló gbé lẹ́tà náà dúró.

Àwọn tó máa kọ lẹ́tà àfọwọ́sí fún yín ńkọ́? Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán. Ẹ fi ìkéde náà ránṣẹ́ sí wọn, ẹ fi lẹ́tà yín kún un, kí ẹ sì rán wọn létí iṣẹ́ tí ẹ jọ ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ yín ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ti kọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn lẹ́yìn yín, kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́ bí kò bá rántí.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń gba owó lórí fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ló ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tó bá kọ̀wé ṣàlàyé pé agbára òun ò ká a. Ẹ kọ̀wé náà, kì í ṣe ohun ìtìjú. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó tú owó oṣooṣù yín sílẹ̀, ẹ sá fún un.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ka ìwé ìgbàwọlé pẹ̀lú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́

Ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́ jù, torí ibí ni ayọ̀ ti máa ń fọ́ èèyàn lójú.

Nígbà tí èmi náà ń wá àyè, ìwé ìgbàwọlé àkọ́kọ́ tó dé ọwọ́ mi jẹ́ ojú ewé mẹ́ta. Mo ka ti àkọ́kọ́, mo pe àwọn èèyàn mi, a yọ̀. Ní alẹ́ ni mo tó ka ojú ewé kejì. Lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ iye owó sí, ìlà kan wà níbẹ̀: owó náà wà fún oṣù 12, a sì lè tún un ṣe lọ́dọọdún bí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa, tí owó bá sì wà. Mo fi pẹ́ńsùlù fàlà sábẹ́ "tí owó bá sì wà". Ẹ̀kọ́ náà gbà tó oṣù 36, kíláàsì tó pọn dandan nìkan gba oṣù mẹ́fà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo kọ ímeèlì kúkúrú sí olùdarí ètò náà. Mo dúpẹ́, mo ní inú mi dùn láti wá, mo wá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: owó ta ni wọ́n máa fi san mí? Oṣù mélòó ló kù nínú owó náà ní ọjọ́ tí mo máa bẹ̀rẹ̀? Bí kò bá tó, ta ló máa san oṣù tó kù? Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi dúró, ẹ̀rù sì bà mí pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Ìdáhùn dé: oṣù 26 ló kù. Wọn ò parọ́ fún mi, kò sẹ́ni tó ti jókòó kà á rí ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ gbà láti fi owó tirẹ̀ san oṣù mẹ́wàá tó kù. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìgbàwọlé gan-an, kì í ṣe inú ímeèlì. Wọ́n kọ ọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọ̀gá ẹ̀ka náà yí padà, ẹni tuntun ò mọ ohunkóhun nípa àdéhùn wa. Ìwé yẹn ló sọ̀rọ̀.

Bí ọkàn yín bá ń sọ pé irú ìbéèrè yìí jọ ti olójúkòkòrò, ẹ gbọ́ èyí. Nígbà tí àwọn aṣojú yunifásítì Yúróòpù pàdé ní Salzburg, ní Austria, lọ́dún 2005 láti fẹnu kò lórí bó ṣe yẹ kí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé rí ní Yúróòpù, ìlànà mẹ́wàá ni wọ́n gbé kalẹ̀. Wọ́n ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ló yẹ kó gbà fún ẹni tó ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe é, ìlànà ìkẹwàá wọn sì ni pé owó tó tó, tó sì máa dúró, gbọ́dọ̀ wà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè parí. Àwọn yunifásítì fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá ìwé kan, ẹ ka oṣù yín láti ẹ̀yìn wá. Ẹ fi ọjọ́ tí owó máa tán sí ìsàlẹ̀. Ẹ yọ oṣù méjì fún àwọn alábòójútó láti ka iṣẹ́ náà tán kí ẹ tó fi sílẹ̀. Ẹ yọ mẹ́jọ fún kíkọ rẹ̀. Ẹ yọ mẹ́fà fún títú àbájáde palẹ̀. Ẹ yọ méjìlá fún kíkó dátà jọ, mẹ́fà fún kíláàsì àti àbá ìwádìí. Ó ti di oṣù 34. Oṣù méjì ló kù nínú 36 fún àìsàn, ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí tó pẹ́ kó tó jáde, àti ìsinmi. Iye tí mo kọ yìí lè yàtọ̀ sí tiyín, ṣùgbọ́n ẹ kọ tiyín. Ẹ sì rántí pé lẹ́yìn tí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lè lo oṣù mélòó kan kí wọ́n tó pè yín. Ta ló ń bọ́ yín láàárín ìgbà yẹn?

Lẹ́yìn iye oṣù, ẹ wo iye owó fúnra rẹ̀. Iye tí Marie Curie ń kéde fún ìgbé ayé akẹ́kọ̀ọ́ ní ìnáwó agbanisíṣẹ́ nínú. Wọ́n á yọ ìyẹn, wọ́n á yọ owó orí, kí ó tó dé àkáǹtì yín. Ní Jámánì, ẹ máa rí "E13, 65%" nínú ìkéde. E13 ni ìpele owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, tí àtẹ rẹ̀ wà ní gbangba, 65% sì ni ìdá tí wọ́n máa san fún yín nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe kì í sábà jẹ́ ìdá 65. Ní Amẹ́ríkà, ẹ wò ó bóyá oṣù mẹ́sàn-án ni owó náà wà fún tàbí méjìlá, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há sí.

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín owó àfúnni àti ìwé àdéhùn iṣẹ́. Ẹni tó ní ìwé àdéhùn jẹ́ òṣìṣẹ́: agbanisíṣẹ́ rẹ̀ á máa bá a san nínú adójútòfò ìlera, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ á máa pọ̀, ìsinmi ìbímọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ òfin iṣẹ́. Ẹni tó ń gba owó àfúnni lè rí iye tó tóbi jù lójú ìwé, kó sì jẹ́ pé òun nìkan ló máa fi ra adójútòfò. Bí wọ́n bá fi méjèèjì lọ̀ yín, tí iye wọn sì súnmọ́ra, ìwé àdéhùn ni mo máa ní kí ẹ mú.

Ẹ béèrè nípa owó ìwádìí náà: ìrìnàjò, kẹ́míkà, ìwé, àpérò. Nínú ètò tó dára, owó yìí dá dúró lọ́tọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ iye rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bá àwọn tó wà nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀

Orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń wà lójú òpó ètò náà. Ẹ kọ̀wé sí méjì, ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọ̀kan tó kù díẹ̀ kó parí. Ẹ má bi wọ́n bóyá ètò náà dára, gbogbo èèyàn ló máa ní ó dára. Ẹ bi wọ́n pé: ẹni tó wọlé ṣáájú yín, ìgbà wo ló parí, kí ló sì ń jẹ lẹ́yìn tí owó tán? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn tó.

Bí ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà bá ń kán yín lójú pé kí ẹ fọwọ́ síwèé ní oṣù kejì, ẹ béèrè bóyá yunifásítì náà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìpinnu Council of Graduate Schools, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tó ń kọ́ni gboyè gíga. Ìpinnu náà ni pé ẹni tí wọ́n fi owó lọ̀ kò gbọ́dọ̀ di ẹni tí wọ́n ń fipá mú láti dáhùn ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló fọwọ́ sí i. Ó ń fún yín láyè láti dúró de èsì ibòmíràn.

Ìgbésẹ̀ keje: Lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé

Ọdún kìíní ní ọjọ́ àyẹ̀wò. Níbi púpọ̀, ẹni tí kò bá yege níbẹ̀ ò ní í lọ síwájú, owó rẹ̀ á sì dúró. Ẹ béèrè ní oṣù àkọ́kọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ máa wò, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi iṣẹ́ ẹni tó yege lọ́dún tó kọjá hàn yín.

Bí àìsàn tàbí oyún bá dé, ẹ sọ ọ́ létí ọ́fíìsì ètò náà kíákíá, ẹ má dúró de ìgbà tí iṣẹ́ bá ti dẹnu kọlẹ̀. UKRI, bí àpẹẹrẹ, ní ìlànà ìsinmi ìbímọ àti ìsinmi àìsàn tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí owó rẹ̀. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn lára ni pé wọ́n fi ẹnu lásán gba ìsinmi lọ́wọ́ alábòójútó, aago owó ò sì dúró torí pé kò sí ìwé kankan.

Nígbà tó bá ku oṣù mẹ́sàn-án kí owó tán, ẹ jókòó pẹ̀lú gbogbo alábòójútó yín, ẹ sì tún oṣù kà láti ẹ̀yìn wá. Bí kò bá ní í tó, oṣù mẹ́sàn-án ṣì pọ̀ tó láti béèrè àfikún, tàbí láti wá owó ìparí tí àwọn yunifásítì kan máa ń yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ti ń kọ orí ìkẹyìn. Bí ó bá ku oṣù méjì, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń pín owó yẹn ò ní í tún jókòó mọ́ kí tiyín tó tán.

Láti ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ kọ ọjọ́ tí owó yín máa tán sí òkè gbogbo àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí àwọn alábòójútó, níbi tí ojú wọn á ti máa kọ́kọ́ bà á.